Ìwé-ẹ̀rí Òkè-Òkun àti Ìforúkọsílẹ̀ Ayàwòrán-Ilé

Ǹjẹ́ ìwé-ẹ̀rí òkè-òkun nìkan tó láti fi ẹnìkan jẹ ayàwòrán-ilé láàárín wa? Ní ọdún 1969 ni òfin gbé ìgbìmọ̀ ìforúkọsílẹ̀ iṣẹ́ yìí kalẹ̀ ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà iṣẹ́ náà ti kàwé. Manchester ni Oluwole Olumuyiwa ti kọ́ tirẹ̀. Nítorí náà, èmi kò gan ìwé àjò.

Ṣùgbọ́n ohun tí a kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ ni ìwé-ẹ̀rí ń jẹ́rìí sí. Kò jẹ́rìí sí i pé ẹni náà mọ òjò wa, oòrùn wa, ilẹ̀ àbàtà Èkó àti òfin ilé kíkọ́ wa. Bí ilé bá sì wó, ìwé-ẹ̀rí kì í jí òkú. Ẹ jẹ́ kí a gba ìwé náà, kí a sì yẹ ẹni tí ó mú un wá wò.