Ṣé o mọ̀? Wọ́n ti fi òfin de fífi omi ẹ̀rọ fọ mọ́tò rí

Ní ọdún 2018, nígbà tí ọ̀dá omi mú ìlú Cape Town ní Gúúsù Áfíríkà, òfin ìlú kà á léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni fi omi ẹ̀rọ fọ ọkọ̀, ì báà jẹ́ takisí. Lítà 50 péré ni wọ́n ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa lò lójúmọ́, àti mímu, àti wíwẹ̀, àti fífọ aṣọ. Lára ohun tí òfin fàyè gbà fún ọlọ́kọ̀ ni ọṣẹ ìfọkọ̀ tí kò gba omi.

Fínfín ni wọ́n máa ń fín in sára ọkọ̀. Ọṣẹ inú rẹ̀ á rẹ eruku, èròjà tó ń yọ̀ á sì bo hóró iyanrìn bí ọbẹ̀ ilá ṣe ń bo òkèlè, kó má baà ha ọ̀dà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi aṣọ microfibre nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn á sì máa yí aṣọ náà síbi tó mọ́. Àkísà gbígbẹ kò ṣeé fi ṣe é (ohun tí ọ̀pọ̀ dẹ́rẹ́bà wa sì ń lò nìyẹn!). Iyanrìn le ju ọ̀dà ọkọ̀ lọ. Nínù ún ní gbígbẹ ló ń fa ilà wẹ́wẹ́ tó máa ń hàn nínú oòrùn.

Eruku ọyẹ́ ni ọṣẹ yìí kápá. Bí ẹrọ̀fọ̀ bá ti gan mọ́ ara ọkọ̀ rẹ, wá omi ṣàn án ná.