Bí Òrùka Bá Há Sí Nǹkan Ọmọkùnrin

Láti ọdún 1755, nígbà tí Gauthier kọ ìròyìn àkọ́kọ́ tí àwọn oníṣègùn máa ń tọ́ka sí nípa ọkùnrin tí nǹkan fún mọ́ nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀, oríṣiríṣi ohun ni wọ́n ti bá lára aláìsàn: òrùka ìgbéyàwó, nọ́ọ̀tì irin, ọrùn ìgò, páìpù, rọ́bà, òwú. Àwọn kan ń wá agbára lórí ibùsùn. Àwọn mìíràn kàn fẹ́ dán an wò ni. Ọ̀pọ̀ wọn kì í tètè dé ilé ìwòsàn. Ojú ń tì wọ́n. Wọ́n á tilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n á fi ọṣẹ fà á, wọ́n á fi òróró fà á títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àsìkò tí wọ́n ń fi ṣòfò yẹn ló léwu jù. Iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọlé lágbára, èyí tó ń dá a padà sí ọkàn kò le tó o. Bí òrùka bá fún un, ọ̀nà àbájáde ló máa kọ́kọ́ dí. Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò ríbi jáde. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í wú, bó sì ṣe ń wú ni òrùka ń fún un sí i. Nígbà tó bá yá, èyí tó ń wọlé náà á dúró. Ìgbà yẹn ni ẹran ara ń kú.

Lọ́dún 1991, oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Bhat àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pín ìpalára yìí sí ìpele márùn-ún. Ní ìpele kìíní, wíwú nìkan ni. Bó bá ti ń ga sí i, ẹni náà kò ní mọ nǹkan lára mọ́ níwájú ibi tó há, ojú ọ̀nà ìtọ̀ á fara gbọgbẹ́, ó sì lè lu. Ní ìpele karùn-ún, ara ti dúdú, ó ti kú, tàbí kó tilẹ̀ ti já.

Iṣẹ́ dókítà yàtọ̀ síra. Bí wíwú náà kò bá pọ̀, wọ́n lè fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ wé e pinpin láti iwájú títí dé abẹ́ òrùka, kí wíwú náà lè rọlẹ̀, kí òrùka sì yọ̀ kúrò. Nígbà mìíràn wọ́n á fi abẹ́rẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ tó dúró síbẹ̀. Irin tó nípọn ni wàhálà. Ohun èlò ilé ìwòsàn kì í sábà ká a, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ké sí àwọn panápaná kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgérin wá. Wọ́n á fi pẹlẹbẹ irin há àárín òrùka àti awọ, wọ́n á sì máa da omi tútù sí i, nítorí irin tí ẹ̀rọ ń gé máa ń gbóná. Bí ìtọ̀ kò bá lè jáde, wọ́n lè gba abẹ́ ìdodo ki rọ́bà sínú àpò ìtọ̀.

Ọmọ ọwọ́ náà ń fara gbá a, òun kò sì mọ nǹkan kan. Lẹ́yìn ìbímọ, irun orí ìyá sábà máa ń re. Ẹyọ kan lè bọ́ sínú ìlédìí, kó wé mọ́ ẹ̀yìn orí nǹkan ọmọkùnrin tí wọ́n ti dábẹ́ fún; ara tó wú á sì bo irun náà mọ́lẹ̀. Ọmọ á máa ké, àwọn ará ilé á ní eyín ló ń hù. Kí ìyá tú ìlédìí, kó wò ó dáadáa. Òrùka oníke Plastibell tí wọ́n fi ń dábẹ́ ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa yẹ kó já bọ́ fúnra rẹ̀ láàárín nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá yọ̀ sẹ́yìn tí ara wú, kí wọ́n gbé ọmọ padà lọ́jọ́ náà gan-an.

Bàbá àgbà tí wọ́n fi rọ́bà ìtọ̀ bíi kọ́ńdọ́ọ̀mù sí lára náà nílò àmójútó lójoojúmọ́, pàápàá bí àtọ̀gbẹ tàbí àrùn ọ̀pá ẹ̀yìn kò bá jẹ́ kó mọ ìrora mọ́.

Ẹ má fi ayùn tàbí ọ̀bẹ gé ohunkóhun nílé. Ẹni tí nǹkan bá há sí lára, kó gba ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lọ lójú ẹsẹ̀, kó sì sọ òótọ́ fún dókítà nípa ohun tó há àti ìgbà tó ti wà níbẹ̀.