Bí Owó Òkè Òkun Ṣe Ń Wọ Àkáǹtì Wa



Lẹ́yìn ìpàdé kan báyìí, ìyá kan nínú wa tó ń ta aṣọ wá bá wa ní ọ́fíìsì. Ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi owó ránṣẹ́, owó tí ìyá fẹ́ fi san ẹ̀yáwó ẹgbẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, owó ò dé. Ìgbà tí a tú ọ̀rọ̀ náà wò, orúkọ ló fà á. Orúkọ ilé ọkọ ni ọmọ kọ, orúkọ baba tó bí ìyá ló wà lọ́wọ́ báńkì. Owó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti yọ nínú rẹ̀. Èlé ẹ̀yáwó kò kúkú dúró de ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà méjì ni owó ń gbà wọlé. Èkíní ni ti àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ènìyàn fi owó ránṣẹ́. Ọmọ yín á san pọ́n-ùn tàbí dọ́là lọ́hùn-ún, ẹ̀yin á gba náírà níbí. Lóòótọ́, ní ìparí ọdún 2020, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé dọ́là ni kí wọ́n máa san; ṣùgbọ́n ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2024 ní náírà ni. Nítorí náà, ẹ má bá akọ̀wé báńkì jà mọ́, kì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Kí ọmọ yín ṣáà bèèrè iye náírà tí yóò dé ọwọ́ yín gan-an, nítorí àwọn mìíràn á ní àwọn ò gba owó iṣẹ́, wọ́n á sì jẹ ẹ́ lára pàṣípààrọ̀.

Èkejì ni láti báńkì dé báńkì, sínú àkáǹtì domiciliary tó ń gba owó ilẹ̀ òkèèrè. Ohun tí ọmọ nílò ni orúkọ yín bó ṣe wà ní báńkì, lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ yẹ̀; nọ́ńbà àkáǹtì oní-dígíìtì 10; orúkọ báńkì; àti SWIFT code, tó máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 8 tàbí 11. Bí wọ́n bá bi í léèrè IBAN, Nàìjíríà kì í lò ó. Dọ́là sì sábà máa ń gba inú báńkì mìíràn ní New York kọjá, báńkì yẹn náà lè mú tirẹ̀. Bí ọmọ bá fẹ́ kí owó pé, kí ó yan OUR lórí fọ́ọ̀mù, ìyẹn ni pé òun ni yóò san owó iṣẹ́. Bí ó bá yan SHA, ẹ jọ ń san án ni.

Kò sí PIN nínú gbogbo èyí o! Ẹni tó bá pè yín pé owó ọmọ yín ti dé, kí ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín fún òun, olè ni. Ẹ pa fóònù dé.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá dá a lójú, kí ó mú ìwé báńkì rẹ̀ wá lọ́jọ́ ìpàdé. A ó bá a dà á kọ sínú ìwé kan tí yóò fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀.