Ta Ló Ni Ìtumọ̀? Ìmọ̀ Ìkọ̀kọ̀, Ìwé Mímọ́ àti Ìdáhùn Àwọn Onígbàgbọ́ ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní ọdún 1943, ilé ìtẹ̀wé Tika-Tore ní Èkó tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan jáde tí A. Fágbénró Beyioku kọ. Àkọlé rẹ̀, tí ó wà lédè Gẹ̀ẹ́sì, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ̀sìn Ọ̀rúnmìlà ni ìpìlẹ̀ ẹ̀sìn Jésù. Onígbàgbọ́ tí ó bá ka àkọlé yìí lè ju ìwé náà sílẹ̀ láìṣí i. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó fínnífínní, àkọlé náà kò lé Jésù jáde nílé. Ìpìlẹ̀ ilé ni ó fẹ́ pààrọ̀. Irú ìgbésẹ̀ báyìí ti pẹ́ nínú ìtàn ẹ̀sìn Kristi. Àwọn tí a mọ̀ sí Gnostic ti ṣe é ní ọ̀rúndún kejì, ìjọ sì ti bá wọn jà lórí rẹ̀. Ohun tí ó jẹ mí lógún nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí irú àtúntúmọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe rí nígbà tí ó bá bọ́ sínú èdè Yorùbá, àti ohun tí àwọn onígbàgbọ́ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú fi ń dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, gnosis, ìmọ̀ ni ó túmọ̀ sí. Kì í ṣe ìmọ̀ ìwé ni wọ́n ń sọ, ìmọ̀ tí ó ń tú ẹni tí ó ní in sílẹ̀ ni. Bí a bá ń wá ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ọn, awo súnmọ́ ọn ju ẹ̀kọ́ lọ. Ẹ̀kọ́ wọn kò ṣọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé Ọlọ́run tí ó ga jù lọ wà ní ìpamọ́, àti pé ẹni tí ó dá ayé yìí kì í ṣe òun. Ẹlẹ́dàá ayé, tí àwọn ìwé kan pè ní Yaldabaoth, kéré sí i, kò sì mọ ẹni tí ó wà lókè òun. Ìdí nìyí tí ìtàn ọgbà Édẹ́nì fi yí padà lọ́wọ́ wọn. Bí ẹlẹ́dàá bá ka èso ìmọ̀ léèwọ̀, owú ni ó ń jẹ. Bí ejò bá sì ní kí wọ́n jẹ ẹ́, olùkọ́ ni ejò. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n yọ kúrò nínú ìtàn náà. Ẹni rere àti ẹni búburú nìkan ni ó pààrọ̀ ipò.

Fún ìgbà pípẹ́, ẹnu ọ̀tá wọn ni a ti ń gbọ́ ìròyìn wọn, pàápàá jù lọ lẹ́nu Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù Lyon, tí ó kọ ìwé márùn-ún láti tako wọn ní nǹkan bí ọdún 180. Àwọn àgbà wa sì ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọdún 1945 ni ẹjọ́ apá kejì dé, nígbà tí wọ́n rí ìwé mẹ́tàlá tí a fi awọ dì nínú ìkòkò amọ̀ nítòsí Nag Hammadi ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ìhìnrere Tọ́másì, tí ó ní ọ̀rọ̀ 114 tí a sọ pé Jésù sọ, wà lára wọn. Ìtumọ̀ gbogbo wọn sí Gẹ̀ẹ́sì jáde lọ́dún 1977, Ìhìnrere Júdásì sì tẹ̀ lé e ní 2006. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè kò nílò ju fóònù lọ láti kà wọ́n. Ó máa ń kà wọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó lọ síbi ìsìn òwúrọ̀ Sunday níbi tí wọn yóò ti ka Bíbélì fún un lédè Yorùbá. Àlàfo tí ó wà láàárín èdè méjèèjì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Mú ejò yẹn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, kò sí ibi tí a ti pe ejò ní Sátánì. Ìfihàn orí 12 ẹsẹ 9 ni ó so wọ́n pọ̀, nínú Bíbélì Yorùbá tí ó sì parí ní ọdún 1884, orúkọ méjì ni ejò náà ní níbẹ̀: Èṣù àti Sátánì. Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n yan Èṣù láti dúró fún ọ̀tá Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá ka Ifá mọ̀ pé Èṣù kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Òjíṣẹ́ ni, òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ọ̀run, àṣẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀dọ́ kan bá gbọ́ lẹ́nu àwọn Gnostic pé ejò ni olùkọ́, tí ó sì gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń polongo pé Èṣù kì í ṣe Sátánì pé a ti ba orúkọ Èṣù jẹ́, ẹ̀kọ́ méjèèjì yóò pàdé nínú ọkàn rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Èkíní ń sọ pé ẹlẹ́dàá burú. Èkejì ń sọ pé atúmọ̀ èdè ṣì orúkọ pè, ẹ̀sùn tí ó ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ gan-an ni èyí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ yóò máa fi ìbínú dáhùn ìbéèrè tí kò yé e.

Àfiwé mìíràn tí mo máa ń gbọ́ ni ti Ọbàtálá. Wọ́n ní òun ni Yaldabaoth ti Yorùbá, nítorí pé òun ni ó ń mọ ara ènìyàn, Olódùmarè sì ni ó ń fi èémí sí i. Wọ́n sì rántí ìtàn pé ó mu ẹmu yó, ó sì mọ àwọn kan tí ara wọn kò pé. Ìjọra náà fani mọ́ra. Ṣùgbọ́n Olódùmarè ni ó rán Ọbàtálá níṣẹ́, Ọbàtálá sì mọ ẹni tí ó rán òun. Àṣìṣe rẹ̀ di èèwọ̀ fún un, ẹmu di ohun tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ kì í fẹnu kàn, àwọn ẹni tí ó mọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ sì di ẹni Òrìṣà tí a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún. Òtítọ́ ni pé a ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Síbẹ̀, ọjà kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ẹni tí ó bá lọ sọ́jà fẹ́ jèrè, ó fẹ́ kí ó pẹ́ lọ́jà, ó sì fẹ́ kó nǹkan délé. Èrò pé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ pańpẹ́ tí ẹlẹ́dàá aláìmọ̀kan dẹ fún ọkàn ènìyàn ṣàjèjì sí Ifá gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣàjèjì sí Bíbélì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìkọ̀kọ̀ ti kan ìjọ wa gbọ̀ngbọ̀n kò jìnnà. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọn lọ́dún 1892, ẹ̀sìn Kristi tàn kálẹ̀ níbẹ̀ kíákíá. Kò ju ogún ọdún ó lé díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà, ní 1914, tí Àlùfáà T.A.J. Ogunbiyi ti ìjọ Áńgílíkà dá ẹgbẹ́ Ògbóni tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó, èyí tí ó di Reformed Ogboni Fraternity. Ṣáájú rẹ̀, E.M. Lijadu, tí òun náà jẹ́ àlùfáà Áńgílíkà, ti kọ ìwé lórí Ifá àti Ọ̀rúnmìlà, ó sì ń wá ohun tí Kristẹni lè bá sọ nínú wọn. Ní Òde-Rẹ́mọ, D. Onadele Epega gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ síwájú láti ìhà kejì. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹjọ́ tí ó ṣe kedere jù ni ti Ògèrè.

Josiah Ositelu, ọmọ Ògèrè, bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìran ní 1925, nígbà tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà. Ó kọ àwọn ìran náà sílẹ̀. Ó ní a fi orúkọ mímọ́ tí kò sí nínú Bíbélì hàn òun, a sì fún òun ní irú ìkọ̀wé kan tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Ní 1930 ó dá Ìjọ Olúwa tí a ń pè ní Aládùúrà sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ bi í léèrè kì í ṣe àwọn òyìnbó. Àwọn aládùúrà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àwọn aṣáájú Faith Tabernacle tí gbòǹgbò wọn wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà tí J.B. Sadare bẹ̀rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918. Ní 1931 wọ́n yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, àwọn orúkọ mímọ́ náà sì wà lára ìdí rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gba ìran gbọ́, wọ́n gba àlá gbọ́, wọ́n gbà pé Ọlọ́run ń sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ wọ́n fà á sí ibì kan pé èyí tí kò sí nínú Ìwé kò lè di dandan fún ìjọ. Ositelu kò rẹ Ẹlẹ́dàá sílẹ̀ rí, nítorí náà kì í ṣe Gnostic. Ìbéèrè tí wọ́n bi í ni ó jọ ti Irenaeus: ṣé ìgbàlà lè sinmi lórí ohun tí ẹnì kan ṣoṣo mọ̀?

Ìdáhùn Irenaeus ni pé ohun tí àwọn àpọ́sítélì fi lélẹ̀, gbangba ni wọ́n fi lélẹ̀, ìjọ kọ̀ọ̀kan sì lè ka orúkọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ padà sẹ́yìn láti fi hàn pé kò sí ẹ̀kọ́ ìkọ̀kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo ní Ìjẹ̀bú, níbi tí Òṣùgbó ti mú àṣírí ìlú lọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọ tó dé. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Abigi ní Ogun Waterside, onígbàgbọ́ mọ ohun tí ó ń jẹ́ awo dáadáa, ó sì mọ iye tí ó ń ná ènìyàn. Nígbà tí pásítọ̀ bá sọ pé kò sí awo nínú ìhìnrere, ìlérí gidi ni lójú àwọn olùgbọ́ rẹ̀. Ó sì máa ń ṣòro láti mú ṣẹ, nítorí pé ìjọ kan náà lè máa ta ìwé pẹlẹbẹ lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń kọ́ni ní Sáàmù tí a ó kà sórí omi lóru, iye ìgbà tí a ó kà á, àti orúkọ tí a ó pè sí i.

Àwọn ìjọ mìíràn ń fi òfin dáhùn: wọ́n ń ní kí ẹni tí wọn yóò fi joyè kọ́kọ́ búra pé òun kò sí nínú ẹgbẹ́ awo kankan. Ìbúra lè dá ọmọ ẹgbẹ́ dúró, kò lè dá òǹkàwé dúró. Ẹni tí ó ka Ìhìnrere Tọ́másì lórí fóònù rẹ̀ kò wọ ẹgbẹ́ kankan. Ohun tí ó ń béèrè ni ìdí tí Mátíù fi wọ inú Bíbélì tí Tọ́másì kò fi wọ̀ ọ́, kò sì pọ̀ nínú àwọn ìwé Yorùbá tí ó wà lọ́wọ́ ìjọ tí ó dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Àwọn atúmọ̀ Bíbélì ní iṣẹ́ tiwọn náà níbẹ̀, nítorí pé nínú Ìfihàn orí 12, Sátánì ti wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú Èṣù láti ìgbà Crowther, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tún un ṣe kò ní láti wá orúkọ tuntun.