Ọmọ ta ni yóò wọ bọ́ọ̀sì?

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti Maryland l'Amẹ́ríkà. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, àyà mi já. Mo ní, "Àǹtí mi, ṣé kò sí nǹkan o?" Ó ní, "Wọ́n fẹ́ gbé ọmọ mi kúrò níléèwé rẹ̀."

Ọmọ náà ò ṣẹ ẹnikẹ́ni o. Àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ àgbègbè wọn ló fẹ́ tún ààlà iléèwé fà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síléèwé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá á máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí òdìkejì ìlú, níbi tí ọmọ mẹ̀kúnnù pọ̀ sí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ọmọ olówó àti ọmọ tálákà, dúdú àti funfun, jọ máa jókòó ní kíláàsì kan náà.

Inú ń bí àǹtí mi. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Torí iléèwé yìí ni mo ṣe jẹ gbèsè ra ilé!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. L'Amẹ́ríkà, tó bá jẹ́ iléèwé ìjọba, ibi tí èèyàn ń gbé ló sábà máa ń sọ ibi tí ọmọ ẹ̀ á lọ. Apá tó pọ̀ nínú owó iléèwé sì ń wá látinú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àgbègbè náà. Ẹni tó rówó ra ilé ládùúgbò olówó ti ra iléèwé mọ́ ọn. Ẹni tí kò rówó, ẹ̀yìn ìlà ló wà.

Ìjà yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1954, nínú ẹjọ́ Brown, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ níbẹ̀ sọ pé kò bófin mu láti ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ funfun níléèwé ìjọba. Ṣùgbọ́n àdúgbò ṣì wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́dún 1971, nínú ẹjọ́ kan láti Charlotte, ilé ẹjọ́ náà gbà pé wọ́n lè fi bọ́ọ̀sì kó ọmọ kọjá àdúgbò wọn. Nígbà tí Adájọ́ Arthur Garrity pàṣẹ irú ẹ̀ ní Boston lọ́dún 1974, òkúta ni àwọn aláwọ̀ funfun kan fi pàdé bọ́ọ̀sì tó kó ọmọ dúdú wá sí South Boston. Ọmọ iléèwé o, tó gbé báàgì rẹ̀ dání!

Ọdún yẹn kan náà ni ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ nínú ẹjọ́ Detroit pé wọn ò lè fi tipá kó àwọn ìlú ẹ̀bá Detroit mọ́ ètò náà, àyàfi tí ẹ̀rí bá wà pé wọ́n lọ́wọ́ nínú ìyàsọ́tọ̀. Ẹni tó lówó tó sì ti kó kúrò nígboro ti bọ́ nìyẹn. Lọ́dún 2007, nínú ẹjọ́ Seattle àti Louisville, wọ́n tún ní wọn ò gbọdọ̀ fi àwọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan pinnu iléèwé tó máa lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbègbè kan fi ń wo iye tó ń wọlé fún òbí báyìí, tí wọ́n ń tún ààlà fà. Ní Howard County, tó wà ní Maryland níbẹ̀, irú àbá yìí fa ìwọ́de lọ́dún 2019 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí ọmọ tó lé ní 5,000 pààrọ̀ iléèwé.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tako bọ́ọ̀sì ló burú. Ìyá tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́, tí kò ní mọ́tò, báwo ló ṣe máa dé iléèwé tó jìnnà tí wọ́n bá pè é pé ara ọmọ ẹ̀ ò yá? Láyé ọjọ́un náà, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ọmọ dúdú ló rìn jù, iléèwé àwọn dúdú ni wọ́n tì pa, ọ̀pọ̀ olùkọ́ dúdú sì pàdánù iṣẹ́.

Síbẹ̀, èso rere wà níbẹ̀. Rucker Johnson, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì California ní Berkeley, tọpasẹ̀ àwọn ọmọ ìgbà yẹn títí wọ́n fi dàgbà. Ó rí i pé àwọn ọmọ dúdú tí iléèwé àjọlọ kàn kàwé sí i, owó tó ń wọlé fún wọn pọ̀ sí i, ara wọn sì le sí i. Kò pa ọmọ funfun lára. Kì í ṣe pé ara ọmọ funfun ni ọgbọ́n wà o. Owó àti olùkọ́ ló tẹ̀lé wọn.

Èrò tèmi nìyí: kí wọ́n tún ààlà fà, ṣùgbọ́n kí wọ́n pín ìnira náà. Tí ọmọ tálákà bá rìn wá, kí ọmọ olówó náà rìn lọ. Kí wọ́n fi àwọn tó wà ní kíláàsì àṣekágbá sílẹ̀. Kí bọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ wà fún ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ọmọ aládùúgbò sì wà nínú ẹ̀.

Mo wá bi àǹtí mi pé, "Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé, apá ibo lẹ háyà sí? Ṣé kì í ṣe òdìkejì yẹn náà ni ọmọ yìí ti bẹ̀rẹ̀ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Àwọn ọ̀rẹ́ tó kọ́kọ́ ní l'Amẹ́ríkà ló wà níléèwé tí ẹ̀ ń sá fún yìí."

Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ò tíì bímọ."

Òótọ́ ni, mi ò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n kó tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní òun ṣì máa lọ sípàdé wọn l'Ọ́jọ́bọ̀. Ó ní tẹ́lẹ̀, òun fẹ́ lọ pariwo ni. Ní báyìí, ìbéèrè kan ṣoṣo lòun máa bi wọ́n: "Tí ọmọ mi bá lọ, ọmọ ta ló ń bọ̀?"