Bí Fóònù Alágbèéká Ṣe Ń Ṣe Àlejò Lórí Òpó Ilé-Iṣẹ́ Mìíràn

ÀRÒKỌ AṢÍPAYÁ

Ìlapa Èrò
(i) Ìfáárà: ohun tí à ń pè ní roaming
(ii) Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́
(iii) Ìdí tí àwọn tí ń du ọjà fi ń yá ara wọn ní òpó
(iv) Ìṣòro tí ó wà níbẹ̀
(v) Ìkádìí

Àròkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù rí. Kò sí èyí tí òpó rẹ̀ dé gbogbo ìlú, gbogbo abúlé àti gbogbo orílẹ̀-èdè. Bí ẹni tí ó ra síìmù ilé-iṣẹ́ kan bá dé ibi tí òpó ilé-iṣẹ́ náà kò dé, tí fóònù rẹ̀ wá ń lo òpó ilé-iṣẹ́ mìíràn láìjẹ́ pé nọ́ḿbà rẹ̀ yí padà, ohun náà ni a ń pè ní roaming. Àwa lè pè é ní àlejò ṣíṣe. Oríṣi méjì ni ó pín sí: èyí tí a ń ṣe bí a bá ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, àti èyí tí ó wà láàárín ilé-iṣẹ́ méjì ní orílẹ̀-èdè kan náà.

Kí èyí lè yé wa, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó wà nínú síìmù. Yàtọ̀ sí nọ́ḿbà tí àwọn ènìyàn fi ń pè wá, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ kan wà nínú rẹ̀. Òǹkà mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú nọ́ḿbà yìí ń sọ orílẹ̀-èdè tí síìmù ti wá: 621 ni ti Nàìjíríà, 616 ni ti Bẹ̀nẹ̀, 615 sì ni ti Tógò. Àwọn tí ó tẹ̀ lé wọn ń sọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni ín. A lè fi wé ilà ojú láyé àtijọ́: bí àlejò bá wọ̀lú, ilà ojú rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó ti wá.

Nígbà tí fóònù bá dé abẹ́ òpó àjèjì, yóò fi nọ́ḿbà yìí hàn. Ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ó ni òpó yóò ránṣẹ́ béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni síìmù bóyá oníbàárà wọn ni lóòótọ́. Bí àdéhùn bá wà láàárín wọn, ilé-iṣẹ́ tí ó ni síìmù yóò fi ìbéèrè àṣírí kan ránṣẹ́, èyí tí síìmù náà nìkan lè dáhùn. Bí ìdáhùn bá bára mu, a ó gba àlejò wọlé. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì kọ ibi tí ó wà sílẹ̀, kí ìpè tí ó bá wọlé fún un lè wá a débẹ̀. Bí kò bá sí àdéhùn, ìta ni àlejò yóò dúró sí. Ní ìkẹyìn, ilé-iṣẹ́ tí ó gbàlejò yóò ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí àlejò lò, yóò sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ni síìmù. Oníbàárà kò bá àjèjì ná ọjà kankan. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ni ó ń sanwó fún.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ló dé tí oníṣòwò yóò fi yá ẹni tí wọ́n jọ ń du ọjà ní irinṣẹ́? Owó ni ìdáhùn. Òpó kan ń fẹ́ ilẹ̀, iná, epo dísù àti ẹ̀ṣọ́, yálà ènìyàn púpọ̀ ń lò ó tàbí díẹ̀. Àlejò tí ó bá lò ó ń mú owó wá. Ẹni tí kò lágbára láti ri òpó sí gbogbo abúlé náà yóò sì lè dá oníbàárà rẹ̀ dúró. Ní Nàìjíríà, ọdún 2001 ni fóònù GSM bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2008 ni Etisalat dé, ó sì di 9mobile ní ọdún 2017. Lẹ́yìn náà, Àjọ NCC tí ń ṣe àkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ fọwọ́ sí i pé kí MTN àti 9mobile dán àlejò ṣíṣe wò ní apá kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ní ọdún 2025, ó fọwọ́ sí àdéhùn àwọn méjèèjì. Ọdún náà gan-an ni 9mobile yí orúkọ padà sí T2.

Ohun tí èyí lè ṣe fún ará oko kò kéré. Ká ní aboyún ń rọbí lóru ní abúlé tí ó jẹ́ òpó ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, tí síìmù ọkọ rẹ̀ sì jẹ́ ti òmíràn. Òpó ń bẹ lókè orí wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Nọ́ḿbà pàjáwìrì, 112, ni a ṣètò kí ó lè gba orí òpó èyíkéyìí. Ọkọ náà kò lè fi pe nọ́ọ̀sì tàbí awakọ̀ tí ó mọ̀.

Síbẹ̀, kò sí ohun tí ó dára tí kò ní àléébù. Bí owó tí àlejò ń san bá kéré jù, kò sí ẹni tí yóò tún fẹ́ ri òpó sí ìgbèríko. Oníkálukú yóò máa retí pé kí ẹlòmíràn ṣe é. Bí ó bá sì pọ̀ jù, ilé-iṣẹ́ kékeré kò ní lè san án. Ìdí nìyí tí ìjọba fi gbọ́dọ̀ dá sí i. Ìṣòro kejì wà ní ẹnubodè. Ní Ìdí-Ìrókò àti Sẹ̀mẹ̀, fóònù lè já sórí òpó Bẹ̀nẹ̀ láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ kúrò nílé, kí owó orí rẹ̀ sì tán kíákíá. Ẹni tí ń gbé irú ibẹ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ lórí fóònù, kí ó sì pa dátà àlejò.

Ní ìkádìí, àlejò ṣíṣe kò sọ ọ̀tá di ọ̀rẹ́, kò sì pa ìdíje rẹ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó jẹ́ kí òpó tí a ti rì wúlò fún ẹni tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Igi kan kò lè dá igbó ṣe.

Àkíyèsí: Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ rántí pé àlàyé ni iṣẹ́ àròkọ aṣípayá. Ẹ túmọ̀ ọ̀rọ̀ tuntun ní ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ lò ó, kí ẹ sì to ìgbésẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn.