Ọba ń sọ Sanskrit, apẹja ń sọ tiẹ̀

Nínú eré orí ìtàgé kan tí Kalidasa, akéwì ilẹ̀ Íńdíà, kọ ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn, apẹja kan bá òrùka ọba nínú ikùn ẹja tó pa. Bó ṣe gbé e jáde pé kóun tà á báyìí, ọlọ́pàá gbá a mú. Wọ́n lù ú, wọ́n bú u, wọ́n ní olè ni. Ìgbà tí òrùka dé ọwọ́ ọba ni ọ̀rọ̀ yí padà: ọba fún apẹja lówó, òun náà pín in dọ́gba pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá, gbogbo wọn sì jọ kọrí sí ilé ọtí. Ará Èkó kò nílò kẹ́nì kan ṣàlàyé ìyẹn fún un.

Èdè tí wọ́n ń sọ ló yẹ ká wò. Nínú eré náà, tí orúkọ rẹ̀ wá látara Shakuntala, ọba àti àwọn àlùfáà ń sọ Sanskrit, èdè ìwé. Shakuntala fúnra rẹ̀, aya ọba, ń sọ Prakrit, ìyẹn èdè ẹnu àwọn èèyàn, torí obìnrin ni. Apẹja àtàwọn ọlọ́pàá ń sọ Magadhi, Prakrit ti ìlà-oòrùn, èyí táwọn òǹkọ̀wé fi máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, wọ́n ń gbọ́ra wọn yé, kò sí ògbufọ̀ kankan láàárín wọn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní Kírìkírì àti Ajégúnlẹ̀ lójoojúmọ́ nìyẹn. Àwọn Àwórì ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, àmọ́ Ìlàjẹ, Ìjọ̀, Urhobo àti Igbo ti bá wọn dó tipẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, lè fi Ìlàjẹ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kó fi Yorùbá Èkó dá oníbàárà lóhùn, kó sì fi Pidgin lé ọlọ́kadà tó fẹ́ tẹ igbá rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn. Tó bá di ọjọ́ Sunday, èdè kẹrin tún ń dúró dè é ní ṣọ́ọ̀ṣì: Yorùbá inú Bíbélì, tí kò sẹ́ni tó ń fi í ná ọjà.

Yorùbá orí ìwé yìí ní ìtàn tirẹ̀. Àwọn ọmọ Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú pàdé ní Freetown, ní Sierra Leone, wọ́n sì ń pe gbogbo wọn ní Àkú. Nígbà tí S. W. Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, tẹ ìwé rẹ̀ lórí èdè Áfíríkà tó ju 100 lọ jáde ní 1854, ó to àwọn Àkú lẹ́sẹẹsẹ: Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yorùbá, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àtàwọn mìíràn. Ẹ kíyè sí i: ọ̀kan lára wọn ni “Yorùbá”, ìyẹn Ọ̀yọ́. Ọ̀tà, tó jẹ́ ti Àwórì, ló ṣáájú nínú ìtò náà.

Ọ̀kan yẹn ló gba ipò gbogbo wọn. Ọmọ Òṣogùn, lápá Ọ̀yọ́, ni Samuel Àjàyí Crowther. Ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 àti gírámà ní 1852. Bíbélì odindi dé ní 1884. Ìpìlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni wọ́n kọ́ ọ lé, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta àti Èkó fọwọ́ kan án. Nígbà tó fi máa di 1938, tí ìwé Ògbójú Ọdẹ tí D. O. Fágúnwà kọ jáde, Òkè-Igbó lápá Oǹdó ni òǹkọ̀wé náà ti wá, síbẹ̀ Yorùbá àjùmọ̀lò ló fi kọ ọ́.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń rò pé èdè ìwé ni ìyá, pé àwọn ẹ̀ka-èdè ló bà á jẹ́. Ẹ̀rí sọ nǹkan mìíràn. Ẹ bi ọmọ Ọ̀wọ̀ léèrè orúkọ ìlú rẹ̀, ẹ ó gbọ́ “Ọ̀ghọ̀”, pẹ̀lú ohùn kan tó ń rún jáde láti ọ̀fun. Oǹdó àti Ìlàjẹ ní in pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ tó fi ẹ̀ka-èdè wéra wọn gbà pé “gh” ló wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, Ọ̀yọ́ ló sọ ọ́ di “w”. Ìyá ẹlẹ́ja yẹn ló di ti àtijọ́ mú, kì í ṣe ìwé.

Bákan náà ló rí ní Íńdíà. Panini fi nǹkan bí 4,000 òfin de Sanskrit ní bíi ọ̀rúndún kẹrin tàbí ìkarùn-ún ṣáájú ìbí Jésù, àwọn onígírámà tó tẹ̀ lé e sì ń ṣàlàyé Prakrit bí ẹni pé inú Sanskrit ló ti yà. Àmọ́ “níbí” ní Sanskrit ni iha. Ní Pali, èdè ìwé àwọn ẹlẹ́sìn Buddha tó jẹ́ ẹbí Prakrit, idha ni, èyí tó ní “dh” sì ni àgbà.

Orí àpáta gan-an, Prakrit ló kọ́kọ́ débẹ̀. Ọba Ashoka, tó jọba ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Jésù, fi Prakrit gbẹ́ àṣẹ rẹ̀ sára òkúta káàkiri, àwọn akọ̀wé sì ń tún un ṣe kó lè bá ẹnu agbègbè mu. Ní Kandahar, ní ilẹ̀ Afghanistan òde òní, èdè Gíríìkì àti Aramaic ló lò. Ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà wà ní Junagadh, ní Íńdíà. Ní nǹkan bí ọdún 150 lẹ́yìn ìbí Jésù, ọba Rudradaman fi Sanskrit kọ tirẹ̀ sí ara òkúta kan náà, bí 400 ọdún lẹ́yìn Ashoka. Sanskrit tí ayé ń pè ní ìyá ló pẹ́ dé!

Àwọn onífíìmù wa ṣì ń tẹ̀ lé ìlànà Kalidasa. Ọba ìlú Èkìtì nínú fíìmù á máa sọ Yorùbá tó mọ́ gaara bíi ti oníròyìn. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni yóò sọ “ulé” dípò “ilé”, kí èrò lè rẹ́rìn-ín. Ta ló ní ọba Èkìtì kì í sọ Èkìtì láàfin?

Prakrit náà kò bọ́ lọ́wọ́ ìwé. Bí akéwì ṣe ń lo Maharashtri, ọ̀kan lára àwọn Prakrit, tí onígírámà sì ń fi òfin dè é, ẹnu àwọn èèyàn ń bá tirẹ̀ lọ, títí ó fi di Marathi. Pidgin ti bọ́ sí ọ̀nà yẹn. Olórin Daddy Showkey àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ lórin láti Ajégúnlẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, BBC bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ ìròyìn, oṣù díẹ̀ ṣáájú kí ti Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Àmọ́ Pidgin orí ìkànnì gbọ́dọ̀ yé ará Gánà àti ará Kamẹrúùnù, ó sì nílò sípẹ́lì kan pàtó. Ti ọmọ Ajégúnlẹ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Igbo há a láàárín, ń gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ.